A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

Ìbéèrè tí dókítà bi wá lọ́jọ́ náà kò gùn rárá. Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ ká ṣe?" Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn la wà, àwa ọmọ mẹ́ta tí a wà nílé, àti ẹ̀gbọ́n wa àgbà tó wà ní Kánádà, tí ojú rẹ̀ ń tàn nínú fóònù tí àbúrò wa gbé sókè bí ẹni gbé àtùpà. A wo ara wa. Ẹnì kan ní kí wọ́n ṣe gbogbo ohun tó bá ṣeé ṣe. Ẹnì kan ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ rò ó wò. Ẹnì kan bú sẹ́kún. Kò sí ẹni tó sọ pé ká bi Màmá. Bẹ́ẹ̀, ibi tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà sí ibi tí a dúró sí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ, ojú rẹ̀ là kedere, ó sì ń bá ìyá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì jiyàn lórí iye tí wọ́n ń ta agbọ̀n tòmátì kan.

Ọjọ́ ti lọ lórí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn wa. A ń kọ èyí nítorí a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti dúró níbẹ̀ rí, tàbí ẹ máa dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nígbà tí àgbàlagbà bá ń ṣàìsàn tí kò ní ìwòsàn, ta ló ni ìpinnu? Ṣé dókítà tó mọ iṣẹ́ ni? Ṣé ọmọ tó ń sanwó ni? Ṣé ọmọ tó ń wẹ̀ ẹ́ ni? Àbí ẹni tí ara ń ni gan-an?

Ẹni tó bá mọ Màmá ní Ọjà Tuntun, nílùú Ìlọrin, á mọ̀ pé ohun ìtìjú ni ohun tí a ṣe yẹn. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi ta abọ́ àti ìkòkò lọ́jà náà: abọ́ tánganran, abọ́ oníke, ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ìnáwó. Kò kàwé púpọ̀ ju kéwú lọ, ṣùgbọ́n ó mọ gbèsè oníbàárà kọ̀ọ̀kan lórí, ó mọ ọjọ́ tí wọ́n dá, ó sì mọ ẹni tó ń purọ́. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bó bá lọ kírun Àsárì, àwa là ń jókòó ti ọjà. Tá a bá wá gbà kí oníbàárà ná ọjà títí, tá a tà á ní iye tó wù wá, ìbéèrè kan ló máa ń bi wá tó bá dé: "Ṣé ẹ̀yin lẹ lọjà?" Kì í pariwo. Á kàn béèrè, á sì máa wò wá títí a ó fi tẹrí ba.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá a fínra tipẹ́, ìtọ̀ ṣúgà tẹ̀lé e. Nígbà tó fi máa pé ẹni ọdún 79, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, oúnjẹ kò lọ mọ́, ara ń yún un lóru bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ rẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti dẹnu kọlẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rọ náà á máa fa ẹ̀jẹ̀ jáde lára, á sẹ́ ẹ, á dá a padà. Ìjókòó kan máa ń gbà tó wákàtí mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló sì sábà máa ń jẹ́. Fún ẹni ogójì ọdún tó ń retí kí wọ́n fún òun ní kíndìnrín ẹlòmíràn, afárá ni ẹ̀rọ yẹn. Fún arúgbó tí ọkàn rẹ̀ náà ti ń rẹ̀, dókítà kò parọ́ fún wa: ó lè fi oṣù díẹ̀ kún ọjọ́ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ojú ọ̀nà ilé ìwòsàn ni yóò ti lo púpọ̀ nínú ohun tó bá fi kún un. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n fi ẹ̀rọ sílẹ̀, kí wọ́n máa fi oògùn dín ara wíwú kù, dín èébì kù, dín ara yíyún àti mímí gúlegúle kù, kó sì wà nílé láàárín àwọn èèyàn rẹ̀ títí ọjọ́ á fi pé.

Nílé ọ̀pọ̀ èèyàn ní ilẹ̀ wa, owó ló ń dáhùn ìbéèrè yìí. Kò sówó, kò sẹ́rọ, ọ̀rọ̀ parí. Ìwà ìkà ni, kò sì yẹ kó máa rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìfọ̀jẹ̀ kan yóò wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan. Inú wa dùn sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dé lẹ́yìn tí tiwa ti kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fiyè sí nǹkan kan. Tí owó bá yẹ̀ lójú ọ̀nà, ìbéèrè náà kò bá a lọ. Ìgbà yẹn gan-an ló ń dúró gbagidi níwájú ẹni: ṣé gbogbo ohun tí a lè ṣe náà ni ohun tó yẹ ká ṣe?

Ìjà bẹ̀rẹ̀ láàárín wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, lórí WhatsApp ẹbí. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Kánádà ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ lọ́jọ́ kejì, òun á san án, títí ayé. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ Màmá, tó ń bá a pààrọ̀ aṣọ lóru, ní kí wọ́n jẹ́ kí ìyá òun sinmi. Àbúrò wa ní ohun tí àwọn èèyàn máa sọ ni kí á rò: wọ́n á ní a ní lọ́wọ́, a sì ń wo ìyá wa títí ó fi kú. Ọ̀kan nínú wa tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí ìyẹn jẹ́ ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, ṣe ohun tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà máa ń ṣe tí ẹ̀rù bá bà wọ́n: ó ya tábìlì. Ó kọ iye owó síbẹ̀, ó kọ iye wákàtí, ó kọ ewu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di aago méjì òru, gbogbo ìlà ló ti kún, àfi ìlà kan ṣoṣo tó ṣófo gbáú. Ìlà náà ni "ohun tí Màmá fẹ́".

A fi tábìlì náà ránṣẹ́ sí ara wa. Kò sí ẹni tó lè kún ìlà yẹn. A mọ iye tí ìyá wa ń ta abọ́, a kò mọ ohun tó ń fẹ́ nínú ikú ara rẹ̀.

Nígbà tí a wá fi òótọ́ inú yẹ ara wa wò, a rí i pé ọ̀rọ̀ ara oníkálukú ló ń sọ. Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀gbọ́n wa àgbà kò tíì wálé, ó sì fẹ́ fi owó ra àkókò tí kò lò. Ó ti rẹ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, ojú sì ń tì í láti sọ pé ó ti rẹ òun, ó wá ń pe àárẹ̀ ara rẹ̀ ní àánú ìyá rẹ̀. Àbúrò wa ń bẹ̀rù ọjà. Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà wa fẹ́ kí nǹkan ní ìdáhùn kan tó péye kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ́. Kò sí èyí tó jẹ́ ìwà burúkú nínú rẹ̀. Ìfẹ́ wà nínú gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kò ní ká má fi ẹ̀rù ara wa sí ẹnu ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ "ẹ ṣe gbogbo ohun tó bá ṣeé ṣe" tí àwọn dókítà ń gbọ́ lẹ́nu àwa ọmọ, àwa gan-an ló ń tọ́jú. Yorùbá ti mọ̀ wá tipẹ́, wọ́n ní ọjọ́ a kú là ń dère, èèyàn kò sunwọ̀n láàyè.

Kí ló dé tí a kò kàn bi í? Torí pé a ti parọ́ fún un ni. A ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló dọ̀tí díẹ̀, pé ara rẹ̀ á yá láìpẹ́. A ti bẹ dókítà náà pé kó má sọ fún un. A kò rò pé irọ́ ni nígbà yẹn, ọ̀wọ̀ la pè é.

Ká má ṣe fojú tín-ín-rín ìdí tí àwọn èèyàn wa fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ kì í ṣe afẹ́fẹ́ lásán. Ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìyá rẹ̀ pé "ẹ ò ní yè é," lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ó ti lọ́wọ́ sí i. Èyí kejì ni pé ọmọlúàbí kì í di ẹrù lé àgbà tí ẹrù ti wà lórí rẹ̀. Ìkẹta, èèyàn kì í dá jẹ́ èèyàn lọ́dọ̀ wa. Ara Màmá, ara ẹbí ni, ìdí nìyẹn tí ẹbí fi ń pé jọ. Òótọ́ wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A sì ti rí dókítà tó fi òótọ́ gbá aláìsàn létí, tó sọ ọ́ bí ẹni ń ka èsì ìdánwò, tó sì jáde lọ. Irú òótọ́ yẹn kò sàn ju irọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí irọ́ náà ń ṣe. Ó ń sọ àgbà di ọmọdé. Ẹni tó ti ń pinnu fún gbogbo ilé láti ogójì ọdún, ọjọ́ tí ìpinnu tó tóbi jù délẹ̀, a ní kó lọ jókòó síta. Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Wọn kò sọ pé kí olórí dá fá orí ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń mú abẹ lọ́wọ́, ẹbí lè dúró yí i ká, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹbí tó pé jọ láìsí ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ pé jọ, ìpàdé tirẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Òfin ilẹ̀ wa pàápàá ti rí èyí. Lọ́dún 1991, obìnrin ọmọ ọdún 29 kan tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò gba ìfàjẹ̀sínilára kọ̀ pé òun kò ní gba ẹ̀jẹ̀. Dókítà Okonkwo tó tọ́jú rẹ̀ bọ̀wọ̀ fún ohun tó fẹ́, obìnrin náà sì kú. Ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn dókítà wí dá dókítà náà dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹjọ́ náà rìn títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, lọ́dún 2001 ilé ẹjọ́ náà sì dá dókítà láre: àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìtọ́jú, kódà bí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú rẹ̀. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe lọ́dún 2014 tún tẹ̀lé e. Ó ní kí wọ́n sọ ipò tí ara aláìsàn wà fún un, àti ọ̀nà ìtọ́jú tó wà, èrè rẹ̀, ewu rẹ̀, iye rẹ̀, àti ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti kọ̀ ọ́. Bó bá ṣeé ṣe, èdè tó gbọ́ ni kí wọ́n fi sọ ọ́. Òfin náà fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà tí ẹ̀rí tó lágbára bá wà pé sísọ ọ́ yóò pa aláìsàn lára. Àyè tóóró nìyẹn. Àwa ọmọ la ti sọ ọ́ di ẹnu géètì.

Lójú òfin, ó yéni. Lójú ẹ̀sìn ńkọ́? Ìlọrin la wà, ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣe kó má dé ọ̀dọ̀ Àáfà. Àǹtí wa kan bi wá bóyá a kò ní fi ọwọ́ ara wa pa ìyá wa tá a bá fi ẹ̀rọ sílẹ̀. A gbé e lọ bá Àáfà àdúgbò. Ó rán wa létí hádíìsì tó sọ pé kí èèyàn máa wá ìtọ́jú, pé kò sí àìsàn tí Ọlọ́run kò dá oògùn fún, àfi ọ̀kan, ìyẹn sì ni ogbó. Lẹ́yìn náà ló sọ ìtàn obìnrin tí wárápá ń gbé ṣánlẹ̀, tó tọ Ànábì wá pé kó bá òun ṣàdúrà. Ànábì fún un ní yíyàn: kó ṣe sùúrù kó sì gba àlùjánnà, tàbí kí òun tọrọ ìwòsàn fún un. Ó yan sùúrù. Ṣùgbọ́n ó tọrọ nǹkan kan kún un, pé kí aṣọ má máa ṣí lára òun nígbà tí àìsàn náà bá dé. Àáfà ní ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò ka ìtọ́jú tí èrè rẹ̀ kò dájú sí dandan. Lẹ́yìn ìyẹn ló bi wá pé, "Kí ni ìyá yín wí?"

A dákẹ́. Òun náà dákẹ́.

Ìtàn obìnrin yẹn kò kúrò lọ́kàn wa. Wọ́n bi í, ó sì dáhùn. Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe "ẹ wò mí sàn," kì í sì í ṣe "ẹ fi mí sílẹ̀." Ọ̀nà kẹta tí ẹnikẹ́ni kò bá lè rò ló gbà: ẹ jẹ́ kí n ṣàìsàn náà tòun ti iyì mi.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan nílé ìwòsàn ló kọ́ wa bí a ó ṣe bi Màmá. Ó ní ká má bi í bóyá ó fẹ́ yè tàbí ó fẹ́ kú, torí ìbéèrè aláìgbọ́n ni. Ó ní ká kọ́kọ́ bi í ní ohun tó mọ̀ nípa àìsàn náà, ká bi í bóyá ó fẹ́ mọ̀ sí i, ká bi í ní ohun tó ń bà á lẹ́rù, ká sì bi í ní ohun tó ṣe pàtàkì sí i jù nínú ọjọ́ tó kù. Ó ní tó bá ní òun kò fẹ́ mọ̀, pé kí ẹ̀gbọ́n wa àgbà bá òun pinnu, ìyẹn náà ti jẹ́ ìdáhùn, ẹnu tirẹ̀ ló ti wá. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Súbùhí, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Màmá, kí lẹ mọ̀ nípa àìsàn yìí?"

Màmá wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Kíndìnrín ni. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín sí mi jù. Ẹ̀yin ni mò ń káàánú." Ọ̀rọ̀ tí a ní kí baba má gbọ̀ọ́, baba náà ni yóò parí rẹ̀.

Ó béèrè bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó béèrè iye rẹ̀, a sì sọ ọ́, ó hó ní "Hẹn!" bí ìgbà tí aṣọ́bodè bá gbówó lérí ẹrù rẹ̀. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí kò sí nínú tábìlì ẹnikẹ́ni: "Ìgbà wo ni wòlímọ̀?" Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ni yóò ṣègbéyàwó, ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Màmá ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fọ ẹ̀jẹ̀ náà títí dìgbà yẹn. Mo fẹ́ rí i lábẹ́ agbòòrùn pẹ̀lú Kùránì lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tó. Ẹ gbé mi lọ sílé. Mi ò fẹ́ kú sójú ọ̀nà." Ó tún ní kí a má jẹ́ kí wọ́n máa ṣí òun sílẹ̀ níwájú àwọn ọmọkùnrin kéékèèké. Ó dárúkọ àwọn mẹ́rin tó jẹ ẹ́ lówó, ó ní ká dárí gbèsè ji mẹ́ta, ká gba ti ẹ̀kẹrin, torí owó wà lọ́wọ́ ẹni yẹn.

Ẹ wò ó. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà fẹ́ ẹ̀rọ títí ayé. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kò fẹ́ ẹ rárá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin la fi bá ara wa jà, kò sì sí èyí tó sún mọ́ ohun tí olórí fẹ́ nínú wa. Kì í ṣe pé a kò gbọ́n. Ìdáhùn náà kò sí lọ́dọ̀ wa ni. Àwọn dókítà mọ irú ìtọ́jú yìí, ìtọ́jú tí a dá ọjọ́ fún, tí wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ ṣe é. Nígbà tí a sọ ọ́ fún dókítà wa, a rí i pé ara tu òun náà.

Ó ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Kò rọrùn. Ọjọ́ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí a rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n torí pé a mọ ọjọ́, ẹ̀gbọ́n wa àgbà ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì wálé. Màmá jókòó lórí àga níbi wòlímọ̀ náà, ó wọ léèsì, ó ń fi ọwọ́ ka àwọn abọ́ tí wọ́n fi gbé oúnjẹ jáde. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó ní ó tó. A gbé e lọ sílé, sí yàrá tó kọjú sí ọ̀nà ọjà, níbi tó ti lè gbọ́ ariwo Ọjà Tuntun láàárọ̀.

Ìtọ́jú tó gbà nílé ni àwọn èèyàn máa ń rò pé ó jẹ́ "ẹ lọ máa retí." Kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Cicely Saunders, tó ti ṣe nọ́ọ̀sì rí, ló ṣí ilé ìtọ́jú St Christopher's ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1967. Ó kọ́ ayé pé ìrora ẹni tó ń kú kì í ṣe ti ara nìkan. Ti ọkàn wà níbẹ̀, ti ẹbí àti owó wà níbẹ̀, ti ẹ̀mí náà wà níbẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ tọ́jú gbogbo rẹ̀. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, Anne Merriman bẹ̀rẹ̀ Hospice Africa ní Ùgáńdà lọ́dún 1993. Ohun tó fi ṣiṣẹ́ kò le: mọfíìnì oníyẹ̀fun tí wọ́n pò mọ́ omi, tí aláìsàn lè máa mu nílé ara rẹ̀. Ẹ̀rù oògùn yìí ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n rò pé ó ń yára pa èèyàn tàbí pé ó ń sọ ọ́ di ẹrú oògùn. Tí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò bá fi wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ, ó ń gba èèyàn lọ́wọ́ ìrora ni. Ní ilẹ̀ Yorùbá, UCH Ìbàdàn ní ẹ̀ka fún ìtọ́jú amáratuni yìí, àti ilé ìtọ́jú fún àwọn arúgbó tí wọ́n ṣí lọ́dún 2012. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú gbogbo àwọn tó nílò irú ìtọ́jú yìí lágbàáyé, bíi mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún ló ń rí i gbà. Nígbà tí a bá ń pariwo pé kí ìjọba ra ẹ̀rọ, ó yẹ ká máa pariwo èyí náà.

A kò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo rẹ̀ parí dáadáa. Ní ọjọ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn, Màmá ń sùn, kò lè fèsì mọ́. Àǹtí wa ní kí wọ́n fa omi sí i lára, pé kí òùngbẹ má pa á. Nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé ní ara tó ti fẹ́ lọ kì í lò ó mọ́, pé omi náà lè lọ jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. A kò tíì bi Màmá léèrè ìyẹn. A ti rò pé a ti béèrè tán. Ní tipátipá ni a fi gbà pé kí a má fa omi. A ń fi òwú tútù ra ètè rẹ̀, à ń ka Yáásìn. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ṣì máa ń bi wá lórí fóònù bóyá a ṣe é dáadáa. A máa ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Òótọ́ rẹ̀ ni pé ìpinnu yẹn ti wa ni, ìdí nìyẹn tó fi wúwo. Èyí tí Màmá fúnra rẹ̀ ṣe kò wúwo lọ́rùn wa rárá.

Bí olórí kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́ ńkọ́, bí àrùn ìgbàgbé bá ti gbà á lọ? Ìbéèrè náà kò yí padà púpọ̀. Ẹ má béèrè pé "kí la fẹ́ fún un?" Ẹ béèrè pé "bó bá lè jí fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tó rí ara rẹ̀ báyìí, kí ló máa wí?" Ẹni tó bá ti bá a jẹun, tó bá a ta ọjà, tó mọ ohun tó ń mú un bínú, ni ẹ bi. Ó lè jẹ́ pé kì í ṣe ẹni tó ń fowó ránṣẹ́.

Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, nǹkan kan wà tí gbogbo wa mọ̀. Ohun tí ẹni tó kọ ètò bá ti yàn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa lò títí, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò kàn yí i padà ni. Ilé ìwòsàn ní tirẹ̀ tó ti wà nílẹ̀: ṣe nǹkan sí i. Ẹbí ní tirẹ̀: dákẹ́. Ẹni tí kò bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́, méjì yìí ni yóò pinnu fún un, wọ́n á sì ṣe é pẹ̀lú ìfẹ́. Ìgbà tó dára jù láti yí i padà kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Ìgbà tí ara bá le ni, nígbà tí àgbà lè fi rẹ́rìn-ín, tó lè lé èèyàn jáde, tó tún lè pè é padà.

Lóṣù tó kọjá, a lọ bá àbúrò Màmá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ọjà Tuntun. Ẹni ọdún 71 ni, kò sí ohun tó ṣe é. A ra abọ́ méjì, a jókòó, a sì fi ìtìjú gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀: bí àìsàn ńlá bá dé lọ́jọ́ kan, kí ni wọ́n á fẹ́? Ó wo ojú wa, ó wo abọ́ tí a rà. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ti fẹ́ kí n lọ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. A tọrọ àforíjì, a dìde.

Ó ní, "Ẹ jókòó. Mo ti ń retí kí ẹnì kan béèrè."